Ọkọ̀ Ìjókòó Méjì

Èmi tí n kò ní kẹ̀kẹ́ rí,
tí mo ti fẹsẹ̀ ka gbogbo òkúta Òkè-Fíà tán,
ọkọ̀ tí mo kọ́kọ́ fowó ara mi rà,
orí búlọ́ọ̀kù mẹ́rin ló jókòó lé.
Kò ní táyà. Adìyẹ ń yé sínú rẹ̀.

Dátsọ̀n ni, ọkọ̀ eré àtijọ́,
imú gígùn bí imú ajá ọdẹ,
ẹ̀yìn ilé olóògbé Dókítà Ọ̀ṣúnlékè ló wà, ní Ayétòrò.
"Ọdún mọ́kànlélógún rèé," ni opó rẹ̀ wí,
"ṣùgbọ́n ẹ ṣe jẹ́jẹ́, àgbébọ̀ mi ń sàba."
Mo dúró títí ó fi pamọ.
Ọmọ mẹ́jọ. Ọkọ̀ kan.

Àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ mi rò pé ilẹ̀
ni mo fẹ́ fowó kóópù rà.
Ọjọ́ tí ọkọ̀ akẹ́rù wọ́ ọ kọjá níwájú ilé-ìwé,
Ìyáàfin Àjílẹ́yẹ fi ìwé bojú:
"Tíṣà ìṣirò! Ṣé bí ẹ ṣe ń ṣírò nìyí?"

Ọ̀gá Ràímì ṣí ìdérí ẹ́ńjìnnì,
ó wò ó, ó wò mí, ó tún wò ó.
"Madáàmù, ta lẹ ṣẹ̀?"
Jìnádù ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín lábẹ́ igi:
"Tọ́yótà layé ń rà."
Mo ní ayé ti rà á, mo rí i.
Èmi ni n kò tíì ra tèmi.

Ìpẹtà ti jẹ ilẹ̀ ọkọ̀ débi pé
bí mo bá jókòó níwájú ọwọ́ ìdarí,
yẹ̀pẹ̀ lẹsẹ̀ mi méjèèjì ń tẹ̀.
Oṣù mẹ́jọ, lẹ́yìn agogo méjì ọ̀sán,
mo ń fi sánpépà ha irin,
èékánná mi pọ́n bí ẹni tó lé làálì.
Kabúrétọ̀, gásíkẹ́ẹ̀tì, písítìnnì:
mo ń pè wọ́n lójú oorun bí orúkọ kíláàsì.
Pọ́lọ́ọ̀gì kẹta, o ò wá lánàá.

Nọ́ọ̀tì kan ṣoṣo dá wa dúró.
Kò sí ní Géètì n'Íbàdàn, kò sí n'Ílọrin.
Bàbá Oyèékọ́lá ló rọ ọ́ lójú mi,
ẹni tó ti wà nílé iṣẹ́ irin kí wọ́n tó tì í.
Mo na owó sí i, ó tì í padà:
"Ọwọ́ mi ti ń yún mi látìgbà tí géètì ti padé."

Ọlọ́dà ní pupa ni kí òun kùn ún,
pé pupa lọkọ̀ eré ń jẹ́.
Mo yọ àkísà kan nínú báàgì,
ìyá ìyá mi ló rẹ ẹ́ n'Ísàlẹ̀-Ọ̀ṣun,
òun tí ọwọ́ rẹ̀ kò mọ́ dé ìgúnpá
títí a fi sin ín.
Ó ní dúdú nìyí? Mo ní rárá.
Ó ní búlúù ni? Mo ní rárá.
Aró ni.
Ó po ọ̀dà lẹ́ẹ̀meje.

Àárọ̀ Sátidé. Ó wúkọ́. Ó sín.
Ó dákẹ́, Jìnádù gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́.
Ó bú.

Opó dókítà ni mo kọ́kọ́ gbé.
Ó jókòó, ó fọwọ́ pa pátákó iwájú:
"Ibí ni mo máa ń gbé báàgì mi sí."
Kò tún sọ̀rọ̀ mọ́ títí a fi jáde nílùú,
ọ̀nà Ìkìrun ṣí sílẹ̀ níwájú wa,
igi tíìkì ń sá sẹ́yìn, wọn ò dúró kí wa.
"Eré mélòó là ń sá?"
Mo wo abẹ́rẹ́ tí a kò tíì rí tún ṣe.
"Òdo ni, Mà."
Ó so gèlè rẹ̀ le.
Ó ní, "Fi kún un."